Àpáàdì àti Amọ̀: Ìbéèrè nípa Ibi tí Àwọn Baba Wa Wà

Nínú gbogbo ìbéèrè tí ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ gbé wọ ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣòro láti rí èyí tí ó ká ni lára tó ìbéèrè ọmọ nípa baba rẹ̀ tí ó ti kú. Bí oníwàásù bá sọ pé iná tí kì í kú ni ẹni tí kò bá gba Jésù gbọ́ yóò bọ́ sí, kò sí bí ọmọ kò ṣe ní í béèrè pé, "Baba mi tí ó ti kú kí ẹ tó dé ńkọ́?" Kò fi àríyànjiyàn béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ipò tí òkú ọ̀run wà nínú ìdílé Yorùbá yóò mọ̀ pé ẹni tí ó ń béèrè baba rẹ̀ ń béèrè ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ta ni ó bí mi? Níbo ni orúkọ mi ti wá? Ta ni n óò bá pàdé bí ilẹ̀ bá ṣú mi? Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni bí ìjọ Kristi ti ń dáhùn ìbéèrè náà láti ìgbà pípẹ́ wá, àti ohun tí ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì yàn fún wa, ọ̀run àpáàdì àti ìdáríjì, rí sọ sí i. Èmi kì í ṣe àlùfáà. Iṣẹ́ èdè ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu èdè ni ẹ̀sìn gbà wọlé tọ̀ wá wá, ó sì yẹ kí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lè sọ ohun tí ó rí.

Kí a má ṣe rò pé àwa nìkan ni a béèrè ìbéèrè yìí. Ní etí òkun tí orílẹ̀-èdè Netherlands wà lónìí, ọba kan wà láyé àtijọ́ tí ń jẹ́ Radbod, ọba àwọn Frisia, tí ó kú ní ọdún 719. Ìtàn kan tí wọ́n kọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ sọ pé ó ti gbà láti ṣe ìrìbọmi, ó tilẹ̀ ti ti ẹsẹ̀ kan bọ inú omi, kí ó tó bi bíṣọ́ọ̀bù Wulfram léèrè ibi tí àwọn ọba tí ó ti jẹ ṣáájú òun wà. Bíṣọ́ọ̀bù dáhùn pé inú iná ni wọ́n wà, nítorí wọn kò ṣe ìrìbọmi. Radbod bá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn láti wà pẹ̀lú àwọn ènìyàn òun ju kí òun bá ìwọ̀nba àwọn tálákà gbé ní ọ̀run rere. Àwọn òpìtàn kò fi gbogbo ẹnu gba ìtàn náà gbọ́, ṣùgbọ́n pé àwọn Onígbàgbọ́ fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n sì pa á mọ́, fi hàn pé wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹlẹ́sẹ̀.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jàpáànì kò ní iyèméjì nínú. Francis Xavier, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1549. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1552, lẹ́yìn tí ó ti kúrò níbẹ̀, ó ròyìn bí àwọn tí wọ́n gba ìhìn rere ṣe ń sunkún nígbà tí wọ́n gbọ́ pé kò sí àtúnṣe mọ́ fún àwọn òbí, aya àti ọmọ wọn tí wọ́n ti kú. Wọ́n bi í léèrè bóyá Ọlọ́run kò lè mú wọn jáde, àti ìdí tí wọn yóò fi wà níbẹ̀ títí láé. Xavier kò yí ìdáhùn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ pé ó dun òun bí òun ti rí àwọn ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n ń sọkún lórí ohun tí kò ní àtúnṣe.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, inú ilé atúmọ̀ gan-an ni ìbéèrè náà jókòó sí. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821. Ó pàdé ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní oṣù kejì ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, orúkọ rẹ̀ sì di Hannah. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Crowther ní baba pẹ̀lú. Baba yìí ni ó sáré wọlé wá sọ fún wọn kí wọ́n sá nígbà tí ogun wọ Òṣogùn, tí ó sì padà lọ síbi ìjà. Crowther gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó kú sí ogun mìíràn. Kò gbọ́ ìwàásù kankan kí ó tó kú. Ọwọ́ ọmọ ọkùnrin yìí ni iṣẹ́ bọ́ sí láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a óò fi máa pe ibi ìyà lẹ́yìn ikú.

Iṣẹ́ náà ta kókó láti ìpìlẹ̀. Nínú Bíbélì ti èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Sheol, ó sì fara hàn nígbà márùndínláàádọ́rin. Ibi tí gbogbo òkú ń lọ ni, olódodo àti ìkà. Kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí iná. Nígbà tí Májẹ̀mú Titun yóò dé ní èdè Gíríìkì, Hades ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì ni Gehenna, tí ó fara hàn nígbà méjìlá nínú Májẹ̀mú Titun. Mọ́kànlá nínú méjìlá náà ti ẹnu Jésù jáde, ìyókù wà nínú ìwé Jákọ́bù. Gehenna yìí ni ọ̀rọ̀ iná àti ìdájọ́. Ọ̀rọ̀ kẹta, tí ó fara hàn nígbà kan péré nínú ìwé Pétérù kejì, jẹ mọ́ Tartarus, ọ̀gbun tí àwọn Gíríìkì gbà pé a ti ń fìyà jẹ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún Ọba James ní ọdún 1611 lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ti Sheol nìkan, ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n pè é ní ọ̀run iná, ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n mìíràn ni wọ́n pè é ní isà òkú, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sì pè é ní kòtò. Ẹni tí ó bá ń kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé ibì kan náà ni Dáfídì àti Jésù ń sọ.

Bíbélì Yorùbá ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí ó parí ní ọdún 1884, tí wọ́n sì tún tò ní ọdún 1900, ya ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀. Nínú ìtàn ọkùnrin ọlọ́rọ̀ àti Lásárù, ipò òkú ni a bá ọlọ́rọ̀ náà. Ipò òkú ni a óò sì sọ sínú adágún iná ní òpin ìwé Ìfihàn. Níbi tí Jésù bá ti dárúkọ Gehenna, bí irú ibi tí ó ti kìlọ̀ fún ẹni tí ń pe arákùnrin rẹ̀ ní aṣiwèrè, ọ̀run àpáàdì ni a óò kà. Ipò òkú dára fún Sheol tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé èdè wa ló bí ọ̀rọ̀ Hébérù náà: ipò ni, àyè ni, kò sọ bóyá ó tura tàbí kò tura. Ọmọ tí ó bá fetí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yóò gbọ́ pé ibi tí òkú wà àti ibi tí a ti ń fìyà jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ kì í ṣe ibì kan náà.

Ọ̀run àpáàdì wá ńkọ́? Nínú ilé Yorùbá, àpáàdì kì í ṣe ohun àjèjì. Bí ìkòkò bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ ni àpáàdì. Òun ni a fi ń fọn iná láti ilé aládùúgbò wá sí ìdí àdògán. Àwọn àgbà wí pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Bí a bá lò ó tán, orí àkìtàn ni. Ọ̀run tí a bá so mọ́ àpáàdì ti fi ohun méjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà: iná, àti ohun tí ó ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962, ka ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì mọ́ èrò Yorùbá nípa ìdájọ́ lẹ́yìn ikú. Òtítọ́ ni pé àwọn baba wa kò gbà pé ìwà kò ní ẹ̀san. Gbogbo ohun tí a bá ṣe láyé ni a óò kúnlẹ̀ rò lọ́run. Ṣùgbọ́n ìwà ẹni ni wọn yóò gbé lé òṣùwọ̀n. Àwọn ni wọ́n kìlọ̀ fún òkú pé kí ó má jẹ ọ̀kùn àti ekòló lọ́nà, kí ó bá àwọn ará ọ̀run jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n sì ń retí kí ó padà wá yà lọ́dọ̀ ọmọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo Gehenna fúnra rẹ̀. Àfonífojì ni, ní gúúsù Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n ń pè ní àfonífojì ọmọ Hínómù. Níbẹ̀ ni àwọn ọba bí Áhásì àti Mánásè ti sun ọmọ nínú iná fún òrìṣà. Nítorí èyí ni orúkọ rẹ̀ ṣe di orúkọ ìbànújẹ́. Nínú orí kọkàndínlógún ìwé Jeremáyà, Ọlọ́run rán wòlíì náà lọ ra ìgò amọ̀, kí ó sì gbé e lọ sí àfonífojì yìí. Ẹnubodè tí ó gbà kọjá ń jẹ́, ní èdè Hébérù, ẹnubodè àpáàdì. Níbẹ̀ ni ó ti fọ́ ìgò náà lójú àwọn àgbà ìlú, tí ó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni a óò fọ́ ìlú wọn, bí ohun èlò amọ̀kòkò tí kò ṣe é mọ mọ́. N kò sọ pé àwọn atúmọ̀ wa ń wo ẹnubodè yẹn nígbà tí wọ́n kọ ọ̀run àpáàdì sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn bọ́ sí ojú ibi tí Gehenna ti ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n orí kejìdínlógún ló ṣáájú orí kọkàndínlógún. Nínú orí yẹn, Jeremáyà lọ sí ilé amọ̀kòkò, ó rí ìkòkò tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ ọ̀mọ̀ràn náà nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Ọ̀mọ̀ràn náà kò sọ ọ́ nù. Ó pò ó pọ̀, ó tún un mọ. Gbogbo àríyànjiyàn ìjọ Kristi lórí ìyà àti ìdáríjì láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì wá ni mo rí láàrin orí méjèèjì yìí. Bí ènìyàn bá kú, ṣé amọ̀ tútù ni lọ́wọ́ Ọlọ́run ni, àbí àpáàdì?

Origen ti Alẹkisáńdríà, ọmọ Áfíríkà bí i tiwa, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 254, gbà pé amọ̀ ni. Ó kọ́ni pé iná Ọlọ́run ń wẹ̀ ni mọ́, àti pé lọ́jọ́ kan ohun gbogbo yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó dá wọn. Gregory ti Nyssa sọ ohun tí ó fara jọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹrin. Ọmọ Áfíríkà mìíràn, Augustine ti Hippo, ni ó dáhùn pé rárá. Nínú apá kọkànlélógún ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run, tí ó parí ní nǹkan bí ọdún 426, ó dárúkọ àwọn Onígbàgbọ́ tí ó pè ní aláàánú, àwọn tí wọ́n gbà pé ìyà yóò dópin, ó sì ta kò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé ìjọ ni ó ń bá wí, kì í ṣe kèfèrí. Ìjọ ìwọ̀-oòrùn tẹ̀lé Augustine. Lẹ́yìn náà ni ìjọ Kátólíìkì fi ìpàdé Lyon ti ọdún 1274 àti ti Florence ní 1439 fìdí ẹ̀kọ́ ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú, èyí tí a mọ̀ sí pọ́gátórì, múlẹ̀. Àwọn Alátùn-únṣe kọ ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ to ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí orí méjìlélógójì ní ọdún 1553, orí tí ó kẹ́yìn dá àwọn tí wọ́n sọ pé gbogbo ènìyàn ni yóò là lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un tò ní ọdún 1563, wọ́n yọ orí náà kúrò. Ilẹ̀kùn kan ṣí díẹ̀, àwọn tí wọ́n sì rí i kò pọ̀.

Ọdún 1853, bí Yorùbá ṣe ń gba ìwé Bíbélì ní ẹyọ ẹyọ, ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga King's College ní Lọ́ńdọ́nù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ F. D. Maurice, nítorí ó sọ pé ọ̀rọ̀ "ayérayé" nínú ẹ̀kọ́ Jésù kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa iye ọdún. Ní 1861, bíṣọ́ọ̀bù Colenso ti Natal ní gúúsù Áfíríkà tẹ àlàyé rẹ̀ lórí Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde. Ó ń gbé láàrin àwọn Zulu, ó sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti sọ fún wọn pé gbogbo baba ńlá wọn ń jóná láìnírètí. Ó kọ ẹ̀kọ́ ìyà tí kò lópin sílẹ̀. Ní 1863, wọ́n pe ẹjọ́ àdámọ̀ fún un ní Cape Town, ẹ̀kọ́ yìí sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ní oṣù kejì ọdún 1864, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ́nù dájọ́ nínú ẹjọ́ mìíràn pé òfin ìjọ kò fi dandan mú àlùfáà láti kọ ìrètí pé Ọlọ́run lè dárí ji ẹni búburú nígbẹ̀yìn. Àwọn àlùfáà bí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá fọwọ́ sí ìwé láti sọ pé àwọn kò gbà. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Àárín ìjà yìí ni ó ti gba ọ̀pá àṣẹ.

Ìwé sí àwọn ará Róòmù tí Colenso tìtorí rẹ̀ jẹ́jọ́ ni Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní Yorùbá, ní ọdún 1850. Nínú orí kejì rẹ̀, Pọ́ọ̀lù sọ nípa àwọn tí kò ní òfin, tí wọ́n sì ń ṣe ohun tí òfin fẹ́ nípa ìwà àbínibí, pé a kọ òfin náà sí wọn lọ́kàn, ẹ̀rí ọkàn wọn yóò sì sọ̀rọ̀ níwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ ìdájọ́. Ẹni tí ó bá ka ẹsẹ yìí nípa baba Crowther, tàbí baba tèmi àti tìrẹ, yóò rí i pé Pọ́ọ̀lù kò ti ilẹ̀kùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kejì. Bí a bá pe ìdáríjì tàbí ìforíjì, orí ni a óò gbọ́ nínú méjèèjì. Ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn ẹni, ṣùgbọ́n orí ni ọ̀rọ̀ ìdáríjì dì mú, orí tí ó jẹ́ ẹlẹ́dàá ẹni. Àdúrà tí Jésù kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ sì tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ìwé Mátíù ti Yorùbá: gbèsè ni a ní kí Ọlọ́run dárí rẹ̀ jì wá. Bẹ́ẹ̀ ni Gíríìkì rẹ̀ rí. Ní ilẹ̀ Yorùbá ayé ìgbà náà, gbèsè lè sọ ọmọ di ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ lóko olówó lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò dín owó kù. Èlé ni iṣẹ́ náà ń san. Bí ó bá ṣe ogún ọdún, odindi owó tí a yá ṣì wà nílẹ̀. Àyàfi kí ẹnìkan san án, tàbí kí olówó yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí ó ti ṣe ìwọ̀fà rí kò nílò àlàyé gígùn lórí ìyà tí kì í tán, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò àlàyé lórí ohun tí ó túmọ̀ sí kí olówó sọ pé, "Máa lọ ilé." Irú olówó wo wá ni Ọlọ́run? Àdúrà kan náà dè wá mọ́ ọn: bí a ti ń yọ̀ǹda àwọn onígbèsè wa ni kí a máa retí. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn oníwàásù tí wọ́n ń fi gbogbo ohùn kéde iná kì í sábà dúró lórí gbólóhùn yìí.

Ìjọ fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ní ọdún 1964, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, ìpàdé àgbáyé kejì ti Vatican kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí kò mọ ìhìn rere láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, tí ó sì ń wá Ọlọ́run tọkàntọkàn, lè rí ìgbàlà. Ní 1995, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìjọ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ohun tí ọ̀run iná jẹ́ ni kí ènìyàn fúnra rẹ̀ kọ Ọlọ́run pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, ìwàásù àtijọ́ ni a ṣì ń gbọ́, èyí tí ó ń kó gbogbo àwọn tí ó kú ṣáájú ọdún 1846 sínú iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ Àìkú kan náà ni ìjọ náà yóò dìde dúró láti ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, tí wọn yóò sọ pé Kristi sọ̀kalẹ̀ lọ sí ipò òkú. Kí ni ó lọ ṣe níbẹ̀? Ìwé Pétérù kìn-ín-ní sọ pé a wàásù fún àwọn òkú.

Èrò tèmi nìyí. Àpáàdì jẹ́ ọ̀rọ̀ òtítọ́: ìwà búburú lè fọ́ ènìyàn, ìdájọ́ sì wà. Ẹni tí ó bá pa ìbẹ̀rù yẹn rẹ́ pátá kò bọlá fún àwọn tí ìkà ṣe níbi. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ojú ara rẹ̀ mọ èyí tí ó jẹ́ àpáàdì nínú àwọn òkú, àti èyí tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù? Ọwọ́ ọ̀mọ̀ràn nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn wa ti mọ èyí láìdúró de ìpàdé kankan. Láti ayé Crowther títí di òní, àwọn ìdílé Onígbàgbọ́ ń gbé ọmọ lọ sí ibi ìrìbọmi, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní Babátúndé àti Yétúndé níwájú àlùfáà. Àlùfáà a da omi sí i lórí, a sì pe orúkọ náà sókè. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún mi pé àwọn òbí wọ̀nyí gbà pé inú iná ni bàbá náà ti ń bọ̀.